Kí a tó dé orí ibùsùn àyẹ̀wò inú: ọ̀rọ̀ akọ̀wé níbi àjọ̀dún ẹgbẹ́ wa

 

Ìgbìmọ̀ ní kí a sọ̀rọ̀ ìlera lọ́dún yìí, ìdí rẹ̀ sì wà nínú ìwé ẹ̀yáwó wa. Láàrin ọdún tó kọjá, àwọn kan nínú wa yáwó pàjáwìrì nítorí inú rírun. Méjì nínú wọn gba ọjọ́ fún àyẹ̀wò inú, wọ́n san owó ọkọ̀, wọ́n ti ìsọ̀, wọ́n dé ilé ìwòsàn, wọ́n sì dá wọn padà. Ọ̀kan ti mu ẹ̀kọ gbígbóná láàárọ̀. Èkejì dá nìkan lọ, kò sí ẹni tí yóò mú un padà sílé. Ohun tó ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ kí gbogbo wa gbọ́ ọ.

Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ara wa. A ń jáde nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, obì la fi ń gbá ebi, aago méjì ọ̀sán la tó ń jẹun. Bí inú bá ta wá, a ó ní ọ́sà ni, a ó ra oògùn funfun olómi ní kẹ́mísì. Bí ẹ̀yìn bá ń dùn wá, a ó ra oògùn ara ríro, bẹ́ẹ̀ púpọ̀ nínú irú oògùn bẹ́ẹ̀, aspirin, ibuprofen àti diclofenac, máa ń dá ọgbẹ́ sí inú fúnra wọn. Kòkòrò kan náà tún wà tó ń fa ọgbẹ́ inú, Helicobacter pylori lorúkọ rẹ̀. Dókítà méjì ní Ọsirélíà, Warren àti Marshall, ló ṣàwárí rẹ̀ ní 1982, wọ́n sì gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 2005. Ebi kọ́ ló ń fa ọ́sà o. Nígbà mìíràn, ohun tí a ń pè ní ọ́sà kì í ṣe ọ́sà rárá, ó lè jẹ́ kókó tó yẹ kí wọ́n tètè rí. Inú ò ṣe é wò láti òde. A kì í fi ètè sílẹ̀ pa làpálàpá.

Àyẹ̀wò tí à ń wí yìí, gastroscopy ni wọ́n ń kọ sínú ìwé, àmọ́ endoscopy ni ẹ ó máa gbọ́ lẹ́nu àwọn nọ́ọ̀sì. Rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ní iná àti kámẹ́rà lórí ni. Wọ́n ń gbà á láti ẹnu lọ sí ọ̀nà oúnjẹ, lọ sí àpòlúkù, títí dé ìbẹ̀rẹ̀ ìfun. Ọ̀nà tí à ń gbà mí kọ́ ló ń gbà o, nítorí náà kò ní dí èémí yín.

Báwo la ṣe ń gba ọjọ́? Ẹ kọ́kọ́ rí dókítà ní ilé ìwòsàn ìjọba tó sún mọ́ yín, kí ó kọ lẹ́tà fún yín. Àwọn ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn, OAUTHC n'Ífẹ̀, àti LUTH àti LASUTH l'Ékòó ń ṣe é. Bí ẹ bá débẹ̀, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin: Èló ni gbogbo rẹ̀? Bí wọ́n bá gé ẹran ara díẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò, ṣé owó rẹ̀ wà nínú èyí àbí ọ̀tọ̀ ni? Ṣé ẹ ó fún wa ní oògùn oorun? Ṣé àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ kan wà tí a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ṣe? Ẹ má gba ọjọ́ tó bá bọ́ sí ọjọ́ ọjà, torí ẹ ò ní lọ. Bí ẹ ò bá sì lè lọ mọ́, ẹ tètè sọ fún wọn kí ẹlòmíràn lè rí àyè.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá ń gba ọjọ́ yẹn náà, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò sínú náílọ̀n, kí ẹ kó o han dókítà, àti àgbo pẹ̀lú. Ẹ má tijú. Oògùn bíi omeprazole, wọ́n sábà máa ń ní kí a dá a dúró fún ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, torí ó lè fi ọgbẹ́ àti kòkòrò yẹn pamọ́. Ẹni tó ń lo oògùn àtọ̀gbẹ, tàbí oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹni tó lóyún, ẹni tó ní ikọ́ fée, ẹni tí ara rẹ̀ ò gba oògùn kan, kó sọ ọ́. Ẹ má fi ọwọ́ ara yín dá oògùn dúró o, dókítà ni kó sọ èyí tí ẹ ó dá dúró àti èyí tí ẹ ó máa lò.

Oúnjẹ wá ńkọ́? Inú gbọ́dọ̀ ṣófo fún ó kéré tán wákàtí mẹ́fà. Bí àárọ̀ ni, ẹ jẹ oúnjẹ fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ ní ìrọ̀lẹ́, ó parí. Ẹ̀kọ, oúnjẹ ni. Tíì oní-mílíìkì, oúnjẹ ni. Obì àti ṣingọ́ọ̀mù, ẹ fi sílẹ̀. Omi lásán, ilé ìwòsàn mìíràn ń gbà á títí di wákàtí méjì ṣáájú, òmíràn ò gbà á rárá, ìwé tí wọ́n bá fún yín ni kí ẹ tẹ̀ lé. Kì í ṣe ìyà ni wọ́n fi ń jẹ wá. Oúnjẹ ń bo ojú kámẹ́rà, bí a bá sì bì nígbà tí oorun ń kùn wá, ó lè gba inú ẹ̀dọ̀fóró lọ.

Lọ́jọ́ náà, ẹ wọ aṣọ tí kò fún yín. Ẹ fi wúrà sílẹ̀ nílé. Ẹni tó bá ní eyín àtọwọ́dá yóò yọ ọ́. Ọ̀dà èékánná àti làálì dúdú, ẹ má kùn ún, torí ó lè da irinṣẹ́ tí wọ́n ń fi há ọmọ ìka láàmú. Wọ́n á fín oògùn kíkorò sí yín lọ́fun kó lè kú tipiri, ẹ ó fi ẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀, wọ́n á fi nǹkan roboto sáàrin eyín yín. Inú lè máa ru yín, ẹ lè máa gùfẹ̀, ẹ ṣáà máa mí jẹ́jẹ́. Láàrin ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó ti tán. Bí wọ́n bá gé ẹran ara díẹ̀, ẹ ò ní mọ̀ ọ́n lára.

Bí wọ́n bá ti parí, ẹ má jẹun, ẹ má mu omi, àfi tí ọ̀fun bá jí padà. Ẹni tó gba oògùn oorun gbọ́dọ̀ ní ẹni tí yóò mú un délé. Fún wákàtí mẹ́rìnlélógún, kò gbọdọ̀ wa ọkọ̀, kò gbọdọ̀ ka owó ọjà, kò sì gbọdọ̀ fọwọ́ síwèé. Kò gbọdọ̀ ṣe onídùúró fún ẹnikẹ́ni lọ́jọ́ náà o, ojú ẹ̀yáwó ò ní dára lọ́jọ́ kejì! Bí ikùn tàbí àyà bá wá ń dunni gan-an, tí ibà dé, tàbí tí èèyàn bì ẹ̀jẹ̀, ilé ìwòsàn ni ká padà sí lójú ẹsẹ̀.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí a ò gbọdọ̀ fi ṣeré. Ẹni tó bá bì ẹ̀jẹ̀, tàbí tí ìgbẹ́ rẹ̀ dúdú bí ọ̀dà títì, kó má dúró de ọjọ́ tí wọ́n dá fún un. Kó lọ sí ibi pàjáwìrì lọ́jọ́ náà gan-an. Lóòótọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ máa ń sọ ìgbẹ́ di dúdú, àmọ́ dókítà ni kó sọ bẹ́ẹ̀, kì í ṣe ará ìsọ̀ ẹ̀gbẹ́. Ẹni tí oúnjẹ ò lọ geere ní ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ mọ́, àti ẹni tó ń rù láìgbààwẹ̀, kó má fi falẹ̀ rárá.

Ìgbìmọ̀ ti fọwọ́ sí i pé a lè fi ẹ̀yáwó pàjáwìrì ṣe àyẹ̀wò yìí, láì dúró di ìgbà tí àìsàn bá dáni gúnlẹ̀. Ẹ tún sọ fún olórí ìlà yín, ẹnìkan yóò bá yín jókòó sí ìsọ̀, ẹlòmíràn yóò bá yín lọ. Ìsọ̀ tí a tì fún ọjọ́ kan, a ó ṣí i padà lọ́jọ́ kejì. Ẹni tó ni ìsọ̀ la ò fẹ́ pàdánù.

Àjẹṣẹ́kù á máa búrẹ́kẹ́, ọjà á tà, àlàáfíà ara la ó máa fi jẹ èrè rẹ̀. Àṣẹ.