Kí Ọkọ̀ Tó Wọ Abẹ́ Omi

Àwọn àgbà ní àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ẹ jẹ́ kí òwe yìí wà lọ́kàn yín, nítorí pé lórí rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ mi dúró lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ohun tí ọ̀pọ̀ yóò kà sí eré ọmọdé ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ohun náà ni ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré, irú èyí tí ènìyàn lè fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn, tí yóò sì máa fi rédíò darí láti etí omi. Òbí mìíràn lè bèèrè pé, èrè wo ni ó wà nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ tí a rán ní ilé ẹ̀kọ́? Èsì mi ni pé ọmọ tí ó bá kan irú ọkọ̀ yìí, tí ó rán an wọ abẹ́ omi, tí ó sì rí i kí ó padà wá, ó ti kọ́ ìṣirò, ó ti kọ́ sùúrù, ó sì ti kọ́ pé a kì í gbéra ìrìn àjò láìpèsè sílẹ̀ fún àbọ̀.

Ọgbọ́n yìí ti pẹ́ láyé. Ní ọdún 1620, ọkùnrin ará Hóláńdì kan tí ń jẹ́ Cornelis Drebbel wa ọkọ̀ onígi tí a fi awọ bò lábẹ́ odò Thames ní Lọ́ńdọ̀nù. Àjẹ̀ ni a fi wà á. Ní ọdún 1898, Nikola Tesla fi ọkọ̀ ojú omi kékeré kan han àwọn ènìyàn ní New York, tí ó ń darí rẹ̀ láìso okùn kankan mọ́ ọn, àfi ìgbì rédíò. Ẹni tí ó ń kan ọkọ̀ abẹ́ omi kékeré lónìí ti so ọgbọ́n àwọn méjèèjì pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí omi ń ṣe. Láti ìgbà Archimedes, ará Syracuse, ní èyí tí ó lé ní 2,200 ọdún sẹ́yìn, ni a ti mọ̀ pé bí ohun kan bá wọ inú omi, omi yóò gbé e sókè pẹ̀lú agbára tí ó dọ́gba pẹ̀lú ìwúwo omi tí ohun náà lé kúrò ní àyè rẹ̀. Lítà omi kan wúwo tó kìlógíráàmù kan. Nítorí náà, bí ọkọ̀ wa bá gba àyè lítà márùn-ún nígbà tí ó bá wọ omi tán, omi yóò máa fi agbára kìlógíráàmù márùn-ún tì í sókè. Bí ó bá wúwo jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò rì. Bí ó bá fúyẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, yóò léfòó.

Ọkọ̀ abẹ́ omi gbọ́dọ̀ lè ṣe méjèèjì, ìdí nìyí tí a fi ń fi táǹkì kékeré kan sí inú rẹ̀. Elòmíràn a máa fi ohun tí ó dàbí síríǹjì àwọn nọ́ọ̀sì ṣe é, tí ẹ́ńjìnì kékeré yóò máa fà tí yóò sì máa tì. Ká ní táǹkì náà gba omi 500 mílílítà. Bí ọkọ̀ náà bá wúwo tó 4,480 gíráàmù nígbà tí táǹkì ṣófo, yóò léfòó dáadáa, ẹ̀yìn rẹ̀ yóò sì yọ lójú omi. Bí táǹkì bá kún, ìwúwo rẹ̀ di 4,980 gíráàmù. Ẹ wò ó, ó ṣì ku 20 gíráàmù kí ó tó pé kìlógíráàmù márùn-ún. Ogún gíráàmù yìí ni mo fẹ́ kí ẹ fọkàn sí, nítorí pé òun ni ó ń mú ọkọ̀ padà wálé.

Ẹnìkan yóò wí pé, bí ó bá ṣì fẹ́ léfòó, báwo ni yóò ṣe wọ abẹ́ omi? Abẹ̀bẹ̀ tí ń yí ní ìdí rẹ̀ ni yóò tì í síwájú, lẹbẹ tí a fi sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ bí ti ẹja yóò sì tẹ orí rẹ̀ sísàlẹ̀. Níwọ̀n ìgbà tí ó bá ń rìn, yóò máa lọ lábẹ́ omi. Bí abẹ̀bẹ̀ bá dúró, bí bátìrì bá kú, bí rédíò kò bá gbọ́ ohùn mọ́, 20 gíráàmù náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí fà á sókè jẹ́jẹ́ láìsí ẹni tí ó pàṣẹ fún un. Ètò àbọ̀ rẹ̀ ti wà lára rẹ̀ kí ó tó kúrò ní èbúté.

Nípa ti kíkàn rẹ̀, n kò ní pẹ́ níbẹ̀. Ara òde ọkọ̀ ni ó ń fún un ní ìrísí. Omi ń wọlé ó sì ń jáde nínú rẹ̀. Nínú ara òde yìí ni ọ̀pá kan wà tí omi kò gbọdọ̀ kàn inú rẹ̀ rárá, níbi tí bátìrì, ẹ́ńjìnì àti ẹ̀rọ tí ń gba ìgbì rédíò wà. Ọ̀pá ike líle tí àwọn plọ́ḿbà ń lò fún omi ilé dára fún un. A ó fi ọmọrí dí i ní ìhà méjèèjì, a ó fi rọ́bà róbótó sí etí ọmọrí, a ó sì fi gíríìsì díẹ̀ kùn ún. Ibi tí ọ̀pá irin abẹ̀bẹ̀ ti yọ sí òde ni omi fẹ́ràn láti gbà wọlé jù.

Kí ẹnikẹ́ni má fojú kéré agbára omi. Bí ọmọrí náà bá fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́wàá láti etí kan dé èkejì, tí ọkọ̀ sì wà ní ìsàlẹ̀ mítà kan péré, omi yóò máa tẹ ọmọrí yẹn pẹ̀lú agbára tí ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó kìlógíráàmù mẹ́jọ. Bí a bá ti ń lọ sísàlẹ̀ sí i ni ó ń pọ̀ sí i. Ní oṣù kẹfà ọdún 2023, ọkọ̀ Titan tí ó ń lọ wo àwókù Titanic ní ìsàlẹ̀ òkun Àtìláńtíìkì fọ́ wómúwómú, ènìyàn márùn-ún sì bá a lọ. Nítorí náà, kí a tó fi ẹ̀rọ kankan sínú ọ̀pá wa, kí a tẹ́ tíṣù sínú rẹ̀, kí a dì í, kí a so ẹrù mọ́ ọn, kí ó sì sùn sínú dúrọ́ọ̀mù omi mọ́jú. Bí tíṣù bá tutù lówúrọ̀, iṣẹ́ kò tíì parí. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà. Omi tí kò ju ṣíbí ìjẹun méjì lọ ti tó láti gba 20 gíráàmù tí a fi sílẹ̀ fún àbọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wá sí ibi tí iṣẹ́ wà gan-an, èyíinì ni mímú kí ìwúwo ọkọ̀ dọ́gba. Ọ̀pọ̀ a máa kan ọkọ̀ tí ó lẹ́wà, ṣùgbọ́n níhìn-ín ni a ti ń mọ ẹni tí ó ní sùúrù.

Èkíní, ohun tí ó wúwo gbọ́dọ̀ wà nísàlẹ̀, ohun tí ó fúyẹ́ gbọ́dọ̀ wà lókè. A ó to òjé sí ìsàlẹ̀ ikùn ọkọ̀, a ó sì fi fóòmù sí apá òkè. Bí a bá dà á rú, ọkọ̀ yóò dojú dé gẹ́gẹ́ bí tírélà tí a di ẹrù lé lórí ju bí ó ti yẹ lọ ṣe ń ṣe ní kọ́nà.

Èkejì, kí a ṣọ́ irú fóòmù tí a ń lò. Fóòmù ìbùsùn máa ń fa omi mu, lẹ́yìn wákàtí díẹ̀ yóò di ẹrù. Fóòmù funfun líle tí a fi ń di tẹlifíṣọ̀n nínú páálí sàn jù ú lọ.

Ẹ̀kẹta, kí a gbé ọkọ̀ sínú omi tí ó dúró jẹ́jẹ́, yálà nínú ọpọ́n ìwẹ̀ tàbí nínú dúrọ́ọ̀mù tí a là ní ìbú. Kí a fi omi kún táǹkì rẹ̀, kí a sì máa fi òjé kún un tàbí kí a máa yọ ọ́ títí yóò fi jẹ́ pé ṣóńṣó ilé orí rẹ̀ nìkan ni ó yọ lójú omi. Bí imú rẹ̀ bá tẹ̀ sísàlẹ̀, kí a sún òjé sẹ́yìn. Bí ìdí rẹ̀ bá ń rì, kí a sún un síwájú. Kí a gbọn ọkọ̀ náà díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ tí ó há sábẹ́ ara òde lè jáde, nítorí pé afẹ́fẹ́ yẹn yóò purọ́ fún wa: lónìí yóò gbé ọkọ̀ sókè, lọ́la yóò jáde, ọkọ̀ yóò sì rì.

Ẹ̀kẹrin, kí a tú omi táǹkì dànù, kí a wo ibi tí ojú omi dé lára ọkọ̀. Fóòmù tí ó wà nísàlẹ̀ ojú omi yìí ń ṣiṣẹ́ ní ìgbà méjèèjì, yálà ọkọ̀ léfòó tàbí ó wọlẹ̀. Èyí tí ó wà lókè ojú omi kì í ṣiṣẹ́ àfi ìgbà tí ọkọ̀ bá wọ abẹ́ omi. Ẹni tí ó bá mọ ìyàtọ̀ yìí ti mọ ìdajì iṣẹ́ náà.

Ẹ̀karùn-ún, kí a má ṣe fi gọ́ọ̀mù lẹ ohunkóhun kí a tó dán an wò lẹ́ẹ̀mẹta tàbí mẹ́rin. Kí a fi okùn tàbí rọ́bà so ó ná. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́.

Ó ku ọ̀rọ̀ rédíò. Ìgbì rédíò kì í rìn dáadáa nínú omi, kò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ rìn rárá nínú omi iyọ̀. Nítorí náà omi tútù, irú ti adágún tàbí ti odò ìwẹ̀, ni a ń lò. Àwọn rédíò àtijọ́ tí ń lo 27 MHz tàbí 40 MHz lè dé ọ̀dọ̀ ọkọ̀ tí ó wà ní ìsàlẹ̀ díẹ̀. Ti òde òní tí ń lo 2.4 GHz, èyí tí ó kún ọjà, máa ń kú ní kété tí áńtẹ́nà ọkọ̀ bá ti wọ abẹ́ omi. Nítorí èyí ni àwọn tí ó mọṣẹ́ fi ń fi ẹ̀rọ kékeré kan sí i tí yóò tú omi táǹkì dànù fúnra rẹ̀ nígbà tí kò bá gbọ́ ohùn rédíò mọ́. Síbẹ̀, ẹ̀rọ lè bàjẹ́. Bí ó bá bàjẹ́, 20 gíráàmù wa ṣì wà níbẹ̀.

Ẹ̀yin òbí tí ó wà ní Karmo, mo mọ̀ pé adágún Jabi kò jìnnà sí yín, àwọn ọmọ yóò sì fẹ́ gbé ọkọ̀ wọn lọ síbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí àgbàlagbà bá wọn lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n so okùn ìpẹja mọ́ ọkọ̀ náà ní ìgbà àkọ́kọ́. Bí ó bá rì, tí okùn sì já, kí ó máa lọ! Kí ọmọ kankan má ṣe bọ́ sínú omi nítorí rẹ̀. Òmùwẹ̀ ní ń bómi lọ, ká má tilẹ̀ wá sọ ti ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. A lè ra òjé àti ọ̀pá ike mìíràn lọ́jà.

Àwọn atukọ̀ ńláńlá mọ iye afẹ́fẹ́ díẹ̀ tí ó kù. Ní ọjọ́ 26 oṣù karùn-ún ọdún 2013, ọkọ̀ Jascon 4 dojú dé ní òkun wa, kò jìnnà sí Escravos. Ènìyàn méjìlá ni ó wà nínú rẹ̀. Harrison Okene, ẹni tí ń se oúnjẹ fún wọn, nìkan ni ó yè. Afẹ́fẹ́ tí ó há sínú yàrá kan nínú ọkọ̀ náà, ní ìsàlẹ̀ tí ó tó ọgbọ̀n mítà, ni ó mí fún nǹkan bí 60 wákàtí kí àwọn òmùwẹ̀ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò pèsè afẹ́fẹ́ yẹn sílẹ̀ fún un. Àánú ni ó rí gbà. Ẹni tí ó ń kan ọkọ̀ tirẹ̀ kò gbọdọ̀ fi ọ̀ràn rẹ̀ sílẹ̀ fún irú àánú bẹ́ẹ̀, nígbà tí àyè ṣì wà láti ṣe ìwọ̀n lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ẹ̀yin ará àjò, kí ni tiwa nínú èyí? Ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti kún táǹkì tirẹ̀ dé ẹnu: owó ilé, owó ilé ẹ̀kọ́, iṣẹ́ àárọ̀, iṣẹ́ alẹ́, ẹgbẹ́ yìí, àjọ tọ̀hún. A ń rìn, nítorí náà a kò rì. Ṣùgbọ́n bí iṣẹ́ bá dúró lọ́jọ́ kan, kí ni yóò fà wá sókè? Ẹ jẹ́ kí ìwọ̀nba díẹ̀ wà tí a kò fọwọ́ kàn. Owó ọkọ̀ tí yóò gbé wa délé. Ẹ̀gbọ́n kan nílé tí a ṣì ń bá sọ̀rọ̀ lóòrèkóòrè, kì í ṣe ìgbà tí wàhálà bá dé nìkan. Ọ̀rẹ́ kan ní àdúgbò tí ó mọ orúkọ ìlú wa. Kò pọ̀, ó lè má ju 20 gíráàmù nínú 5,000 lọ, ṣùgbọ́n òun ni ó ń mú ẹni tí ó wọlẹ̀ padà sójú omi.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ wa ní àlọ, kí ó sì ṣọ́ wa ní àbọ̀. Ó dàbọ̀ o.