Íntánẹ́ẹ̀tì Ojú Ọ̀run ní Àgbádárìgì: Ta Ló Lè San Án?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ilé lódìkejì ọ̀sà Àgbádárìgì, ní Gberefu, ọ̀rọ̀ yín la fẹ́ sọ.

Oṣù kìíní ọdún 2023 ni Starlink wọ Nàìjíríà. Íntánẹ́ẹ̀tì láti ojú ọ̀run, kò sí pé à ń dúró de òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Nígbà tó yá, owó ẹ̀ wá jẹ́ ₦38,000 lóṣù. Lọ́dún 2024, wọ́n ní ó ti di ₦75,000. Ẹ wò ó, owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí lọ́dún yẹn, ₦70,000 ni! Àjọ NCC ní àwọn ò fọwọ́ sí i, Starlink sì dá a dúró.

Nígbà tó di oṣù kìíní 2025, NCC gbà káwọn ilé-iṣẹ́ nẹ́tíwọ́ọ̀kì fowó lé e, kó má ṣáà kọjá ìdá 50 nínú 100. Ẹ ṣírò ẹ̀ lórí ₦38,000: ₦57,000.

Ará Ìkẹjà lè sá lọ sídìí fáíbà. Ará Gberefu ńkọ́? Dátà fóònù náà ti wọ́n sí i, a ò tíì dárúkọ owó sólà tó máa gbé e ṣiṣẹ́.

Tó bá jẹ́ pé agboolé kan náà lẹ wà, ẹ̀yin mẹ́ta, ẹ dáwó jọ: ₦19,000 lẹ́nì kan. Ṣùgbọ́n ẹ kọ́kọ́ ka àdéhùn wọn o, torí wọn ò gbà kéèyàn máa tà á.