Ọkọ̀ Tí Ó Dojú Dé ní Ìṣẹ́rí

Ọ̀rọ̀ tí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sọ níbi àjọ̀dún ọdún kẹwàá

  

Nígbà tí àwọn ìgbìmọ̀ ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ìgbà èwe wa létí odò, wọ́n ní kí n sọ ọ́ kí ó pa èèyàn lẹ́rìn-ín. Màá gbìyànjú. Ṣùgbọ́n ibì kan wà nínú rẹ̀ tí kì í ṣe ẹ̀rín. Bí mo bá dé ibẹ̀, ẹ jọ̀wọ́, ẹ fara balẹ̀ fún mi.

Ẹ̀yin tí ẹ gba ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn wá síbí lónìí, orí Odò Ògùn ni ẹ gbà kọjá. Bóyá ẹ kò tilẹ̀ wò ó, nítorí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, kò sí afárá yẹn. Odò ni ọ̀nà wa, odò ni balùwẹ̀ wa, odò ni pápá ìṣeré wa, òun náà sì ni àwọn ìyá wa fi ń dẹ́rù bà wá.

Kò sí ẹni tó kọ́ wa ní lílúwẹ̀ẹ́. Ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni olùkọ́ wa. Wàá gbé e sábẹ́ àyà, wàá máa fi ẹsẹ̀ ta omi. Lọ́jọ́ tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ bá fà á yọ lábẹ́ rẹ, o mọ̀ ọ́n nìyẹn, tàbí kí o mu omi yó. Èmi mu omi yó lẹ́ẹ̀mẹta, mo sì fi í sílẹ̀. Ní ìdájí, a ó lọ gbé ìgèrè onígèrè. A kì í kó gbogbo ẹja inú rẹ̀ o. Ẹyọ kan ni a ń mú, kí onígèrè má baà fura. A ó sun ún létí odò, ẹni tó bá rí iyọ̀ jí nílé ni yóò jẹ orí.

Kò sí ọmọ Ìṣẹ́rí tí wọn kò sọ ìtàn àwo fún. Wọ́n ní nígbà tí Ọlọ́fin Ògúnfúnminíre kúrò ní Ifẹ̀, Ifá ní kí ó gbé àwo sójú omi, kí ó máa tẹ̀ lé e. Ibi tí àwo bá rì sí ni kí ó tẹ̀dó. Ìṣẹ́rí ni àwo rì sí. Nígbà tí wọ́n bi í pé àwo dà, ó ní àwo ti rì, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè wá ní Àwórì. Ọ̀rẹ́ mi kan, ẹni tí ọ̀rọ̀ mi òní dá lé lórí, ní òun fẹ́ fi ojú ara òun rí i. Àwo tánńganran tí ìyá mi fi ń bu ọbẹ̀ fún àlejò ni a gbé. A gbé e sójú omi, a ń sá tẹ̀ lé e létí odò, koríko ń ya wá lẹ́sẹ̀. Àwo kọ̀, kò rì. Ó ń yí bírí-bírí lọ, ó ní Èkó lòun ń lọ. Nígbà tí ọ̀nà tán níwájú wa, a dúró, a ń wò ó títí ó fi di àmì funfun kékeré. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Bóyá ibi tí a ó tẹ̀dó sí ṣì jìnnà." Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo jẹ ẹ̀bà díẹ̀, mo jẹ ẹgba púpọ̀.

Ó wá ku ti ọkọ̀.

Ìtàn tí ẹ máa ń gbọ́ ní ìpàdé wa ni pé ọ̀rẹ́ mi yìí tú ọkọ̀ bàbá apẹja kan, ó tàn mí wọ inú rẹ̀, ọkọ̀ sì dojú dé. Ọdún mẹ́wàá ni a ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí ó bá pẹ́ dé ìpàdé, ẹnìkan á ní kí wọ́n lọ wo etí odò, bóyá ọkọ̀ àwọn èèyàn ṣì wà níbẹ̀. Òun á rẹ́rìn-ín. Èmi náà á rẹ́rìn-ín.

Ẹ̀yin ará, irọ́ ni. Èmi ni mo tú ọkọ̀.

Ní nǹkan bí ọdún 1976 ni. Ọdún 1978 ni wọ́n ṣí ọ̀nà márosẹ̀ náà, ṣùgbọ́n iṣẹ́ afárá ti bẹ̀rẹ̀, à ń gbọ́ gbì-gbì ẹ̀rọ láti ilé. Mo fẹ́ lọ wò ó. Bí a bá fẹsẹ̀ rìn lọ, wọn yóò lé wa. Mo ní ojú omi kò ní ẹ̀ṣọ́. Oṣù kẹsàn-án ni, odò ti kún, ó ti pọ́n. Ọ̀rẹ́ mi dúró lókè, ó ní, "Omi yìí ò dáa lónìí." Mo pè é ní ojo. Kì í ṣe ìyẹn ló mú un wọ ọkọ̀. Ó mọ̀ pé mi ò lè lúwẹ̀ẹ́, ó sì rí i pé mo ti jókòó.

A kò dé ibi afárá. Igi kan tí omi ń gbé bọ̀ kọlu wa lẹ́gbẹ̀ẹ́, ọkọ̀ dojú dé. Ohun tí mo rántí ni omi pupa lójú mi, àti ọwọ́ kan tó di ọrùn ẹ̀wù mi mú. Ó ti àjẹ̀ bọ abẹ́ apá mi bí ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó ń tì mí lọ títí ẹsẹ̀ wa fi kan yanrìn. Ọkọ̀ tẹ̀ lé àwo ìyá mi lọ sí Èkó.

Lálẹ́, wọ́n kó wa síwájú àwọn àgbà. Bàbá apẹja béèrè lẹ́ẹ̀kan péré pé ta ló tú ọkọ̀ òun. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Èmi ni." Mo dúró tì í, mo gbọ́, mi ò sọ nǹkan kan. Wọ́n nà án lójú mi. Bàbá rẹ̀, tí ó ń wa yanrìn, san owó ọkọ̀ náà díẹ̀díẹ̀. Owó tí ó ń tọ́jú fún ẹ̀kọ́ ọmọ rẹ̀ nìyẹn. Nígbà tí èmi wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, wọ́n mú òun lọ sí Agége lọ kọ́ iṣẹ́ wẹ́dà.

Lọ́dún tó kọjá, èmi àti ẹ̀ jókòó létí odò lẹ́yìn ìpàdé. À ń sọ̀rọ̀ omi tí wọ́n máa ń tú sílẹ̀ láti ìsédò Ọyán, tó ń wọlé bá àwọn ará wa ní ìgbà òjò, àti bí àwọn ọmọ tiwa kò ṣe mọ odò yìí ju ohun tí ń ba ilé jẹ́ lọ. Mo wá bi í: kí ló dé tí o ní ìwọ ni? Ó wò mí bí ẹni tó béèrè ohun tí ọmọdé mọ̀. Ó ní, "Bàbá tìrẹ ti kú. Ta ni ì bá san án? Ìyá rẹ tó ń ta ẹ̀kọ?"

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wá nígbà náà. Ó ti ṣírò gbogbo rẹ̀ kí n tó la ẹnu.

Àwọn àgbà ní ogún ọmọdé kì í ṣeré fún ogún ọdún. Wọn kò sọ ti gbèsè. Mo ní kí n san díẹ̀ lọ́jọ́ náà, ó ní kí n pa ẹnu mọ́, pé àpárá yẹn dùn mọ́ òun, kí n má bà á jẹ́. Mo pa ẹnu mọ́ fún odindi ọdún kan sí i. Irin ìdìmú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àtẹ̀gùn etí odò, tí ẹgbẹ́ wa ṣe kí àwọn ọmọdé má baà yọ̀ ṣubú, òun ló jó o. Ẹ béèrè lọ́wọ́ akápò: kò gba kọ́bọ̀.

Nítorí náà, Akọ̀wé, nígbà tí ẹ bá tún fẹ́ ṣe àpárá ọkọ̀ ní ìpàdé, ẹ jọ̀wọ́, orúkọ mi ni kí ẹ fi sí i. Ìwọ náà, tí o jókòó sí tábìlì kẹta tí o ń mi orí sí mi, dìde dúró kí àwọn ìyàwó wa àti àwọn àlejò rí ọ. Mo mọ̀ pé o kò fẹ́. Dìde.