Àkọsílẹ̀ Ojoojúmọ́: Ohun Tí Ozone Kọ́ Wa

 Wọ́n ní kí n má pẹ́, oúnjẹ ti délẹ̀. N ò ní pẹ́.

Ṣé ẹ rántí àpótí funfun ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin tó wà lẹ́yìn kíláàsì Jọ́gíráfì, àti agolo tí a fi ń wọn òjò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀? Ní Fọ́ọ̀mù Kẹta, èmi ni mo ń kà á. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè kan, mi ò lọ. Orí bẹ́ẹ̀dì ni mo jókòó sí, mo kọ nọ́ńbà tó wù mí. Olùkọ́ wa fi báírò pupa fagi lé e. Wọ́n ní kí n fi àyè náà sílẹ̀ lófìfo, pé òfìfo sàn ju irọ́ lọ. Ojú tì mí, àmọ́ ọ̀rọ̀ náà ò tíì yé mi nígbà yẹn. Ozone ló jẹ́ kó yé mi.

Gáàsì ni ozone, ó dà bí agboòrùn fún wa lókè réré. Bí a bá kó gbogbo rẹ̀ wá sílẹ̀, kò ní nípọn ju nǹkan bíi mìlímítà 3 lọ. Síbẹ̀, òun ló ń dín ìtànṣán oòrùn tó ń fa jẹjẹrẹ awọ ara kù. Gordon Dobson, ará Oxford, ló ṣe ẹ̀rọ tí a fi ń wọ̀n ọ́n láti orí ilẹ̀. Ẹ̀rọ náà ń fi ìtànṣán tí ozone ń gbé mì wé èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ gbé mì.

Ìkùukùu ló ń da iṣẹ́ yìí rú. Bó bá bo oòrùn, wọ́n á dojú ẹ̀rọ kọ àárín ọ̀run, ṣùgbọ́n ìkùukùu máa ń tú ìmọ́lẹ̀ ká, nọ́ńbà sì lè ṣì. Nítorí náà, wọ́n gbọ́dọ̀ kọ bí ojú ọ̀run ṣe rí, kí wọ́n lè tún ìṣirò ṣe. Àwa sì ń rẹ́rìn-ín nígbà tí olùkọ́ ní ká kọ "ojú ọ̀run ṣú"!

Ní Halley, ibùdó àwọn Gẹ̀ẹ́sì ní Antarctica, wọ́n ti ń kà á láti àárín àwọn ọdún 1950. Nígbà tó di ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, nọ́ńbà oṣù kẹwàá ń já wálẹ̀. Joe Farman, Brian Gardiner àti Jonathan Shanklin ò yí i padà, wọn ò sì pariwo. Ẹ̀rọ ni wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n gbé òmíràn lọ, ohun kan náà ló sọ. Ní oṣù karùn-ún 1985, wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde: ó ti kúrò ní nǹkan bí 300 lórí ìwọ̀n Dobson, ìyẹn mìlímítà 3, ó ti sún mọ́ 200.

Gáàsì inú fíríìjì àti inú agolo lọ́fínńdà ló fà á. Ìkùukùu olótùútù tó ń ṣú lókè Antarctica ló sì ń sọ kílórínì inú wọn di oró. Ní 1987, àwọn orílẹ̀-èdè fọwọ́ sí àdéhùn Montreal láti dẹ́kun rẹ̀. Ìròyìn àwọn onímọ̀ tó jáde ní 2023 ní bí a bá tẹ̀ lé àdéhùn náà, ozone ibẹ̀ lè padà sí bó ṣe wà ní 1980 ní nǹkan bí ọdún 2066.

Ẹ gbọ́ ná: ká ní ẹnìkan kò kọ ti 1957 sílẹ̀, kí ni wọn ì bá fi ti 1984 wé?

Mo lọ wo àpótí wa láàárọ̀ yìí. Ó ti wó, ewúrẹ́ ló ń sùn síbẹ̀. Mo bẹ̀ yín, kí a tó ra àga fún gbọ̀ngàn, ẹ jẹ́ ká tún un kàn, ká ra agolo òjò àti ìwé, kí ọmọ kan máa kà á láràárọ̀. Ọjọ́ tí kò bá lè lọ, kó fi àyè sílẹ̀ lófìfo.