Ṣé London lẹ fẹ́ lọ wo wúrà Asante? Ẹ kọ́kọ́ wọ trotro ní Anloga Junction



Anloga Junction ní Kumasi kì í ṣe ibi tí èèyàn ti sábà máa ń gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Ojú títì tó ti Accra wọ ìgboro Kumasi ló gba ibẹ̀ kọjá, lẹ́yìn tí ọkọ̀ bá ti kọjá yunifásítì KNUST tí gbogbo ìlú ń pè ní Tech. Trotro ń dúró, trotro ń ṣí, ọmọ ọkọ̀ ń pe èrò Kejetia. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, pákó ni wọ́n fi mọ ibẹ̀: àwọn tó ń la igi, àwọn tó ń ta pákó, àwọn káfíńtà tó ń kan bẹ́ẹ̀dì, àga àti ilẹ̀kùn, kí wọ́n tó kó ọ̀pọ̀ nínú wọn lọ sí ọjà pákó tuntun ní Sokoban.

Káfíńtà tó mọ iṣẹ́ dáadáa níbẹ̀ lè má gbọ́ orúkọ V&A rí láyé rẹ̀. Bẹ́ẹ̀, irú iṣẹ́ ọwọ́ tirẹ̀ gan-an ni V&A wà fún.

Victoria and Albert Museum ni orúkọ rẹ̀ ní kíkún. Ọdún 1852 ni wọ́n dá a sílẹ̀ ní London. Kì í ṣe àwòrán ara ògiri nìkan ló wà níbẹ̀. Àga wà níbẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀, ìkòkò wà níbẹ̀, ilẹ̀kùn, ṣíbí, ẹ̀gbà ọrùn àti òrùka. Ohun tó wà níkàáwọ́ wọn lé ní mílíọ̀nù 2.8. Láàárín ọdún 2022 sí 2023, wọ́n ṣe àfihàn ńlá kan lórí aṣọ ilẹ̀ Áfíríkà, tí iṣẹ́ Shade Thomas-Fahm ti Nàìjíríà àti Kofi Ansah ti Ghana wà nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fẹ́ lọ síbẹ̀ ní láti kọ́kọ́ mọ ohun tó ń wá. Ilé náà tóbi débi pé ẹni tó bá kàn wọlé tó ń rìn kiri, ẹsẹ̀ ríro ló máa mú bọ̀. Ẹ mú ohun mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí ọkàn yín fẹ́ rí, ẹ wá a lórí ojúlé wọn ní íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ wo yàrá tó wà, kí ẹ sì wò ó dáadáa bóyá ó wà ní gbangba lásìkò tí ẹ fẹ́ lọ. Ọ̀fẹ́ ni wíwọlé, àfi àwọn àfihàn pàtàkì kan tí wọ́n máa ń gba owó fún. Aago 10 àárọ̀ ni wọ́n máa ń ṣílẹ̀kùn lójoojúmọ́, wọ́n á sì tì í ní aago 5:45 ìrọ̀lẹ́. Ọjọ́ Ẹtì nìkan ni wọ́n máa ń ṣe é di aago 10 alẹ́. Ẹni tó bá lọ kí ẹbí nígbà Kérésìmesì kó má lọ síbẹ̀ láàárín ọjọ́ 24 sí 26 oṣù Kejìlá, títì ni yóò bá a. Ibùdó ọkọ̀ ojú irin South Kensington ni wọ́n ti ń sọ̀ kalẹ̀.

Ọ̀fẹ́ ni ilẹ̀kùn V&A lóòótọ́. Físà ni kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Ohun tó mú ọ̀rọ̀ yìí kan Anloga Junction nìyí. Ohun tí ará Kumasi ìbá kọ́kọ́ fẹ́ rí ní V&A ni wúrà àwọn ọba Asante. Fún nǹkan bí 150 ọdún, ọmọ Asante tó bá fẹ́ fojú ara rẹ̀ rí àwọn ohun ọ̀ṣọ́ ààfin rẹ̀ yìí gbọ́dọ̀ dé London. Láti ọjọ́ kìíní oṣù Karùn-ún ọdún 2024, nǹkan yí padà. Ohun 32 ni wọ́n gbé wá sí ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ààfin Manhyia ní Kumasi: 17 láti V&A, 15 láti British Museum. Nítorí náà, ará Anloga Junction kan lè wo ohun V&A lónìí pẹ̀lú owó trotro àti owó ìwọlé.

Ṣùgbọ́n yíyá ni wọ́n yá wọn. Ọdún 3 ni àdéhùn náà, wọ́n sì fi àyè sílẹ̀ pé wọ́n lè fi ọdún 3 mìíràn kún un. Ẹni tó bá ka ọdún 3 láti 2024 máa rí i pé 2027 ló bọ́ sí. Ẹni tó ń sọ lọ́kàn rẹ̀ pé "Manhyia kò kúkú lọ síbì kankan, n ó lọ lọ́jọ́ kan" kó rántí pé ilé nìkan ni kò lọ.

Kí ló dé tó fi jẹ́ yíyá? Òfin ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni. Òfin ọdún 1963 ló de British Museum lọ́wọ́, ti ọdún 1983 ló de V&A, pé wọn kò lè ṣàdédé yọ ohun tó wà níkàáwọ́ wọn fún ẹlòmíràn títí láé. Nítorí bẹ́ẹ̀ ni Asantehene, Otumfuo Osei Tutu Kejì, ṣe bá àwọn ilé méjèèjì ṣe àdéhùn yíyá. Ààfin ló ṣe àdéhùn náà, kì í ṣe ìjọba Ghana. Ọ̀rọ̀ náà kò sì tẹ́ gbogbo èèyàn lọ́rùn. Àwọn kan ní báwo ni onínǹkan ṣe ń yá nǹkan ara rẹ̀? Àwọn mìíràn ní kí ojú kọ́kọ́ rí i ná, ẹjọ́ lè máa lọ lẹ́yìn. Ẹni tó bá gbọ́ bí wọ́n ṣe kó wọn lọ yóò mọ̀ pé ìbéèrè àkọ́kọ́ yẹn kì í ṣe ti alárìíwísí lásán.

Ní ọdún 1817, Òyìnbó kan tó ń jẹ́ Thomas Bowdich wá sí Kumasi. Ọba Osei Bonsu gbà á lálejò. Ìtàn sọ pé ohun tí ọba gbọ́ nípa British Museum wà lára ohun tó mú kó kọ́ ilé olókùúta ńlá kan sí Kumasi, tí wọ́n parí ní 1822, tí wọ́n ń pè ní Aban. Ibẹ̀ ni wọ́n ń kó iṣẹ́ ọnà àti ohun iyebíye ọba sí. Ìyẹn ni pé Kumasi ní ilé tó jọ ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ní 30 ọdún kí wọ́n tó dá V&A sílẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìyẹn wọlé dáadáa.

Ní oṣù Kejì ọdún 1874, àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí Garnet Wolseley ṣáájú wọ Kumasi. Wọ́n bá ìwé ní oríṣiríṣi èdè nínú Aban. Wọ́n kó ohun tí wọ́n lè kó, wọ́n fi ẹ̀tù fọ́ ààfin, wọ́n sì dáná sun ìlú. Lẹ́yìn náà ni wọ́n tún ní kí Asante san wúrà ìwọ̀n 50,000 áúnsì gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn. Ọdún yẹn kan náà ni wọ́n ta àwọn ẹrù ààfin ní London, V&A sì rà nínú rẹ̀. Àwọn Yorùbá tó ń ṣòwò ní Kumasi kí àṣẹ ìjọba Busia ọdún 1969 tó lé ọ̀pọ̀ àlejò kúrò ní Ghana mọ díẹ̀ nínú bó ṣe máa ń rí kí èèyàn fi ẹrù sílẹ̀ tipátipá, kó sì máa gbọ́ pé ó ti wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn.

Ilé Manhyia fúnra rẹ̀ ní ìtàn tó yẹ kí ẹ mọ̀ kí ẹ tó wọlé. Òyìnbó mú Ọba Prempeh Kìíní ní 1896, wọ́n gbé e lọ sí ìgbèkùn, ó sì dé erékùṣù Seychelles. Ọdún 1924 ló tó padà wálé. Wọ́n kọ́ ilé yìí fún un ní 1925. Ìtàn ààfin sọ pé kò gbà láti gbé inú rẹ̀ àfi ìgbà tí àwọn ènìyàn rẹ̀ san owó ilé náà tán. Ọdún 1995 ni wọ́n sọ ọ́ di ilé ìṣẹ̀ǹbáyé.

Kò tóbi bíi V&A rárá, ìyẹn sì dára, nítorí èèyàn lè fara balẹ̀. Ẹ má sáré kọjá àwọn wúrà pẹlẹbẹ róbótó tó dà bí òṣùpá. Akrafokonmu ni wọ́n ń pè wọ́n. Àwọn ìránṣẹ́ ọba tí iṣẹ́ wọn jẹ́ láti wẹ ọkàn ọba mọ́ ló ń so wọ́n mọ́ àyà. Ohun tí Asante ń pè ní "okra" sún mọ́ ohun tí Yorùbá ń pè ní orí tàbí ẹlẹ́dàá, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kì í ṣe ọ̀kan náà. Ẹni tó bá ti rí bí wọ́n ṣe ń bọ orí nílé máa tètè lóye pé ohun ọ̀ṣọ́ lásán kọ́ ni wúrà yẹn. Ẹ wo idà Mponponsuo pẹ̀lú, èyí tí wọ́n fi ń búra oyè, àti ìkòkò tábà oníwúrà tí wọ́n ń pè ní ti àlàáfíà.

Lẹ́yìn náà, ẹ wá ohun èlò orin kékeré kan tí wọ́n fi wúrà rọ, tó ní ìrísí gòjé àti háàpù pọ̀. British Museum ló ni ín lọ́wọ́. Wọn kò jí ìyẹn o. Osei Bonsu ló fi ta Bowdich lọ́rẹ ní 1817. Ọ̀pọ̀ àlejò kì í mọ ìyàtọ̀ náà, wọ́n á kàn ka gbogbo rẹ̀ sí ẹrù ogun. Ìyàtọ̀ wà láàárín ohun tí ọba fi tọrẹ àti ohun tí wọ́n kó nígbà tí ọba kò sí nílé.

Ìyàtọ̀ kejì tún wà tó yẹ kí ẹ bi ẹni tó ń mú yín yíká léèrè. Ní oṣù Kejì ọdún 2024, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Fowler ti yunifásítì UCLA ní Amẹ́ríkà dá ohun 7 padà fún Manhyia. Ìyẹn kì í ṣe yíyá, wọ́n dá a padà pátápátá ni. Ìrùkẹ̀rẹ̀ tí wọ́n fi ìrù erin ṣe wà nínú rẹ̀, àga kan sì wà tí wọ́n fi igi, awọ àti irin ṣe. Káfíńtà tó bá ti Anloga wá, ẹ jẹ́ kó dúró ti àga yẹn bó ṣe wù ú.

Ohun kan wà tí ẹ kò ní rí. Àga Wúrà, Sika Dwa Kofi, kì í wà ní àfihàn. Gómìnà Frederick Hodgson ní kí wọ́n gbé e wá fún òun ní ọdún 1900, ogun Yaa Asantewaa ló fi gbà á lésì.

Ní ti ìrìnnà, kò le. Trotro Kejetia ni kí ẹ wọ̀ ní Anloga Junction. Láti Kejetia, Manhyia kò jìnnà, takisí lè gbé yín dé ẹnu ọ̀nà. Ẹ lọ láàárọ̀, ẹ pe wọ́n tẹ́lẹ̀ tí ẹ bá pọ̀ tàbí tí ẹ bá ń kó ọmọ iléèwé lọ, ẹ sì béèrè kí ẹ tó yọ fóònù láti ya àwòrán. Ẹ wo kàlẹ́ńdà Akwasidae pẹ̀lú. Ọjọ́ Àìkú kan láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà mẹ́fà ni, tí ọba máa ń jókòó gba ìkíni. Ayẹyẹ náà wu ojú púpọ̀, àmọ́ èrò á kún agbègbè ààfin, ẹni tó fẹ́ fara balẹ̀ ka àkọsílẹ̀ ara ohun kọ̀ọ̀kan yóò dára kó mú ọjọ́ mìíràn. Ẹni tó bá ń bọ̀ láti Nàìjíríà, Benin tàbí Togo kò nílò físà láti wọ Ghana fún 90 ọjọ́, gẹ́gẹ́ bí àdéhùn ECOWAS. Ìwé ìrìnnà àti káàdì àjẹsára ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni kí wọ́n mú dání.

Tí ẹ bá wá dé London lọ́jọ́ kan, ẹ má wá wúrà 17 yẹn ní South Kensington lásìkò tí wọ́n ṣì wà ní Kumasi. Ẹ lọ wo V&A East Storehouse tí wọ́n ṣí ní ọdún 2025 ní ìlà oòrùn London, níbi tí ẹnikẹ́ni ti lè fi íntánẹ́ẹ̀tì ṣètò ṣáájú pé kí wọ́n gbé ohun tí òun yàn jáde fún òun láti wò. Ọ̀fẹ́ nìyẹn náà. Ọmọ Yorùbá tó bá sì lọ sí British Museum kó wá ilẹ̀kùn ààfin Ìkéré-Èkìtì tí Ọlọ́wẹ̀ ará Ìsẹ̀ gbẹ́. Wọ́n gbé e lọ sí àfihàn Wembley ní 1924. Ògògà kò gbà láti tà á. Àga ọba tí wọ́n ṣe nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀ fún un. Ilẹ̀kùn igi kan, àga kan. Àwọn tó ń kan ilẹ̀kùn àti àga ní Kumasi lè sọ fún yín èyí tó gba iṣẹ́ jù.

Tí ẹ bá ti Manhyia jáde ní ìrọ̀lẹ́, ẹ tètè dé Kejetia. Trotro tó ń gba Anloga Junction máa ń tètè kún nígbà tí ọjà bá tú.