Ọ̀já Wo Ni Kí A Fi Gbé Ọmọ Tuntun?

(Ọ̀rọ̀ tí agbẹ̀bí kan bá àwọn ìyá sọ níbi ìpàdé ibùdó àgbẹ̀)

  

Ìyá ẹgbẹ́ yín ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí ọ̀já tí ó dára fún ọmọ tuntun. Ẹlòmíràn lè wí nínú ara rẹ̀ pé, kí ni ẹnikẹ́ni fẹ́ kọ́ obìnrin Yorùbá nípa ọmọ pípọ̀n? Nílé, kò sí ohun tí à bá sọ. Bí obìnrin bá bí àkọ́bí, ìyá rẹ̀ tàbí ìyá ọkọ rẹ̀ ni yóò wá wẹ ọmọ. Òun ni yóò ṣí àpótí, òun ni yóò yan aṣọ, òun náà ni yóò gbé ọmọ sí i lẹ́yìn ní ọjọ́ tí ó bá rí i pé ó tó. Ṣùgbọ́n àwa ti tẹ̀dó sí ọ̀nà jíjìn. Ìyá wà ní Òkè-Ògùn, ọmọ wà ní ilẹ̀ Núpé níbí. Owó ọkọ̀ kò kéré. Ìyá àgbà mìíràn a wá síbi ìkómọ, yóò sì ti padà kí ọmọ tó pé oṣù kan. Ẹni tí ó kù nílé ni ọmọdébìnrin ọmọ ogún ọdún tí àgbàdo ń dúró dè lóko. Òun gan-an ni mo wá bá sọ̀rọ̀.

Kí a tó mú aṣọ, ẹ jẹ́ kí a wo ọmọ. Orí ọmọ tuntun wúwo ju ohun tí ọrùn rẹ̀ lè gbé lọ. Ọ̀nà tí èémí ń gbà nínú ọ̀fun rẹ̀ kéré, ó sì rọ̀. Bí àgbọ̀n rẹ̀ bá tẹ̀ mọ́ àyà, ọ̀nà náà a dí, bí ìgbà tí a bá ṣẹ́ rọ́bà tí omi ń gbà kọjá. Àgbàlagbà yóò gbé orí sókè, ọmọ tuntun kò lè gbé e. Kò sì ní í ké, nítorí ẹni tí kò rí èémí, kí ni yóò fi ké? Ìyá yóò máa rò pé ọmọ sùn ni.

Kì í ṣe ohun tí mo fi inú ara mi rò. Ní oṣù kẹta ọdún 2010, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń mójú tó ewu inú ọjà títà kìlọ̀ fún àwọn ìyá nípa aṣọ ìgbọ́mọ tí a ń gbé kọ́ èjìká kan bí àpò, tí ọmọ sì ń rì sínú rẹ̀. Wọ́n ní ó kéré tán ọmọ 14 ni ó ti kú nínú irú rẹ̀ láàrin 20 ọdún, àti pé 12 nínú wọn kò tí ì pé oṣù mẹ́rin. Ẹ fi oṣù mẹ́rin yẹn sọ́kàn.

Nítorí náà, kí ọrùn ọmọ tó le, èyí tí í máa ń jẹ́ oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin, iwájú ni kí ẹ gbé e sí. Kí ó wà lóòró láàrin ọmú méjèèjì, kí ikùn rẹ̀ kan ara yín, kí ó má ṣe ká jọ bí iṣu nínú àpò. Kí ojú àti imú rẹ̀ wà níta ní gbogbo ìgbà, kí ẹ lè máa rí i láìṣí aṣọ. Kí orí rẹ̀ ga débi pé bí ẹ bá tẹrí ba díẹ̀, ẹnu yín yóò kàn án. Kí ẹ sì ti ìka méjì bọ abẹ́ àgbọ̀n rẹ̀. Bí ìka méjèèjì bá wọlé, ọ̀nà èémí ṣí. Bí wọn kò bá wọlé, ẹ tú u, kí ẹ tún un dì. Bí ó bá mu ọmú tán nínú aṣọ, ẹ má fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e padà sókè.

Aṣọ wo wá ni? Òwú ni kí ó jẹ́. Àǹkárá tí a ti fọ̀ tí ó ti rọ̀ dára, àdìrẹ dára. Kíjìpá àti òfì lágbára, wọn kì í nà, ṣùgbọ́n wọ́n wúwo, wọ́n sì máa ń mú ooru. Ní oṣù kẹta àti ìkẹrin, nígbà tí oòrùn apá ibí yìí bá ń jó ni bí iná, kí ẹ fi wọ́n pamọ́ di ìgbà ọyẹ́. Aṣọ tí ń yọ̀ bíi sílíìkì àti nálọ́ọ̀nù kì í di ìdì mú, nálọ́ọ̀nù kì í sì í jẹ́ kí atẹ́gùn kọjá dáadáa. Léèsì ní ihò tí ìka ọmọ lè há sí. Ẹ jẹ́ kí ó wà fún òde.

Kí aṣọ ìpọnmọ fẹ̀ tó láti gbé ọmọ láti ìdí dé ọrùn, kí ó sì gùn tó láti yí ara yín po kí ó sì tún kù fún ìdì tí ó dára. Obìnrin tí ó sanra kò gbọdọ̀ yá aṣọ obìnrin tẹ́ẹ́rẹ́. Ọ̀já tí a ń fi lé e lórí, èyí tí a ń dì kí aṣọ má baà tú, kí ó fẹ̀ tó àtẹ́lẹwọ́ méjì ó kéré tán. Ọ̀já tẹ́ẹ́rẹ́ bí okùn yóò wọ itan ọmọ lára. Kí ẹ tó lò ó, ẹ fà á gidigidi, ẹ gbé e sí ìmọ́lẹ̀ kí ẹ wo ojú rírán àti ibi tí ó ti gbó. Ọ̀já tí ìyá ìyá yín lò níyì púpọ̀, ṣùgbọ́n iyì kò ní kí ó má já.

Ẹsẹ̀ ọmọ ńkọ́? Ẹ jẹ́ kí ó yà bí ti ọ̀pọ̀lọ́, kí orúnkún ga ju ìdí lọ díẹ̀. Egungun ìbàdí ọmọ tuntun kò tí ì le. Àwọn ẹ̀yà tí ń pọn ọmọ pẹ̀lú ẹsẹ̀ yíyà bí tiwa kì í fi bẹ́ẹ̀ ní ọmọ tí ìbàdí rẹ̀ yẹ̀. Àwọn tí ń di ẹsẹ̀ ọmọ pọ̀ tọ́ọ́rọ́ ni ó ń yọ lẹ́nu. Nínú èyí, àwọn ìyá wa kò ṣì í.

Àwọn kan ti bi mí léèrè nípa báàgì ìgbọ́mọ tí wọ́n ń tà ní ọjà òkìríkà. Ẹ má rò pé ọgbọ́n òyìnbó ni. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1960, nọ́ọ̀sì ará Amẹ́ríkà kan tí ń jẹ́ Ann Moore ṣiṣẹ́ ní Tógò, ó sì rí àwọn ìyá ibẹ̀ tí wọ́n pọnmọ, tí ara ọmọ sì balẹ̀. Nígbà tí ó padà sílé tí ó bí ọmọbìnrin ní 1964, ó gbìyànjú láti pọ̀n ọ́n, ṣùgbọ́n ọmọ ń yọ̀ sílẹ̀. Òun àti ìyá rẹ̀ bá rán báàgì sí i. Ní 1969 ó gba ìwé àṣẹ ìjọba lórí rẹ̀. Àwa tí a wà nítòsí orísun rẹ̀ ni a wá ń ra àlòkù rẹ̀! Bí ẹ bá fẹ́ rà á, ẹ wo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Bí ó bá tẹ́ẹ́rẹ́ tí ẹsẹ̀ ọmọ ń rọ̀ wálẹ̀ lásán, ẹ fi sílẹ̀. Ẹ wo ìdè rẹ̀ bóyá ó ti sán, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹni tí ó mọ̀wé ka ìwọ̀n ọmọ tí a kọ sí i lára, nítorí ọ̀pọ̀ nínú wọn kò gba ọmọ tí kò tó nǹkan bíi kílò mẹ́ta ààbọ̀. Ní tèmi, aṣọ àǹkárá yín sàn jù ú.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi etí sí èyí tí ń bọ̀ yìí. Aṣọ tí ó dára jù nínú àpótí lè jẹ́ èyí tí ó léwu jù, nítorí kánfọ̀, àwọn hóró funfun tí a ń fi sáàrin aṣọ kí kòkòrò má baà jẹ ẹ́. Àwọn ọmọ kan wà tí ẹ̀jẹ̀ wọn kò lè gbà á. Àbímọ́ ni, àwọn dókítà ń pè é ní G6PD. Ní Nàìjíríà, ó tó nǹkan bí ọmọkùnrin kan nínú márùn-ún. Ẹ kò lè fi ojú mọ̀ ọ́n. Bí irú ọmọ bẹ́ẹ̀ bá wà nínú aṣọ tí ó ń rùn kánfọ̀, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ a máa fọ́, ibà pọ́njú a dé. Bí ó bá pọ̀ jù, yóò wọ ọpọlọ. Ọmọ lè kú, tàbí kí ó yè kí etí rẹ̀ di, kí ọwọ́ àti ẹsẹ̀ rẹ̀ má ṣiṣẹ́ bí ó ti yẹ. Nítorí náà, kí aṣọ ọmọ má ṣe bá kánfọ̀ gbé àpótí kan náà. Bí kò bá sí òmíràn, ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta, kí ẹ sá a sí oòrùn fún ọjọ́ mélòó kan títí imú kò fi ní í gbọ́ òórùn rẹ̀ mọ́. Orí okùn ni kí ẹ sá a sí, kì í ṣe orí koríko tàbí ilẹ̀, nítorí eṣinṣin kan wà tí ń yé sára aṣọ tútù, tí ìdin rẹ̀ yóò sì wọ ara ọmọ. Bí áyọ́ọ̀nù bá wà, ẹ fi lọ̀ ọ́ kí ó gbóná dáadáa.

Oògùn oko náà ńkọ́? Ẹ̀yìn tí ń gbé ọmọ ni ẹ̀yìn tí ń gbé ẹ̀rọ tí a fi ń fọ́n oògùn apakoríko. Aṣọ tí a bá fi fọ́n oògùn kò gbọdọ̀ di aṣọ ìpọnmọ láéláé, bí a tilẹ̀ fọ̀ ọ́. Ẹni tí ó bá ti oko oògùn dé, ìbáà ṣe ìyá, ìbáà ṣe bàbá, kí ó bọ́ aṣọ, kí ó fi ọṣẹ wẹ̀, lẹ́yìn náà ni kí ó gba ọmọ. Bí ọmọ bá ń ké, ẹ jẹ́ kí ó ké títí ẹ ó fi wẹ̀ tán.

Mo mọ ohun tí ẹ ń sọ nínú: “Nọ́ọ̀sì, ta ni yóò gbé ọmọ sí àyà tí yóò tún lè kọ ebè?” Ìbéèrè gidi ni. Kò sí ẹni tí ó lè ṣe é, kò sì yẹ kí ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tí ì pé oṣù mẹ́ta máa kọ ebè. Àwọn ọkọ wà níbí, kí wọ́n gbọ́. Ohun tí mo rí ní ibùdó kan tí ó wù mí ni pé àwọn obìnrin ibẹ̀ fi ọmọ sínú àáró. Bí wọ́n ti ń bá ara wọn ro oko, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀kan ń jókòó lábẹ́ igi ti ọmọ ọwọ́ méjì tàbí mẹ́ta, tí àwọn yòókù sì ń ro ìpín tirẹ̀. Olúkúlùkù ìyá a wá fún ọmọ rẹ̀ lọ́mú nígbà tí ó bá yẹ. Àwọn aládùúgbò wa Hausa mọ ọmọ pípọ̀n bí àwa náà ti mọ̀ ọ́n, goyo ni wọ́n ń pè é. Ẹ má tijú láti bẹ ìyá àgbà wọn kí ó bá yín mójú tó ọmọ.

Bí ó bá wá di dandan kí ẹ pọ̀n ọ́n kí ọrùn tó le tán, èyí tí n kò gbà yín níyànjú rẹ̀, kí ó jẹ́ ìrìn kúkúrú, kí ẹlòmíràn máa rìn lẹ́yìn yín tí yóò máa wo ojú ọmọ. Kí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan ẹ̀yìn yín, kí imú wà ní gbangba, kí aṣọ má sì bo orí. Ẹ fi fìlà tàbí agbòòrùn ṣíji bò ó. Ẹ má pọ̀n ọ́n sídìí iná, ẹ má sì pọ̀n ọ́n gun ọ̀kadà.

Ó ku ọmọ tí a bí láìpé oṣù, tàbí tí kò tó kílò méjì ààbọ̀. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé e lọ. Ṣùgbọ́n àyà yín wà lára oògùn rẹ̀. Ní Bogotá ní orílẹ̀-èdè Kòlóńbíà, ní òpin àwọn ọdún 1970, ni àwọn dókítà ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé irú ọmọ bẹ́ẹ̀ lé àyà ìyá, ara kan ara. Ní 2021 ni a gbọ́ àbájáde ìwádìí tí a ṣe ní ilé ìwòsàn márùn-ún, tí Ilé-Ifẹ̀ wà nínú wọn, lórí àwọn ọmọ tí ìwọ̀n wọn kò tó kílò méjì. Nínú 100 tí a kọ́kọ́ fi sínú ẹ̀rọ amúgbóná títí ara wọn fi balẹ̀, bíi 16 kú. Nínú 100 tí a gbé sí àyà ní kété tí a bí wọn, 12 ni. Fìlà, ìbọ̀sẹ̀ àti ìlédìí nìkan ni ọmọ náà yóò wọ̀. A ó yí orí rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan, a ó sì fi aṣọ dì í mọ́ àyà títí dé abẹ́ etí, ó kéré tán wákàtí mẹ́jọ lójúmọ́. Bàbá náà lè ṣe é. Ẹ má rẹ́rìn-ín, àyà ọkùnrin náà gbóná.

Bí ọmọ kò bá mu ọmú mọ́, tí ó ń mí gúlegúle, tí ara rẹ̀ tutù tàbí tí ó gbóná jù, tí àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ pọ́n bí ata ilẹ̀ pupa, ẹ tú ọ̀já, ẹ gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ní ọjọ́ náà.

Mo ti mú iṣu kan wá tí ó tó kílò mẹ́ta, mo sì ti fi ìbọ̀sẹ̀ bò ó lórí. Òun ni ọmọ wa lónìí. Kí ẹni tí ó mú aṣọ ìpọnmọ wá jáde síwájú, kí ó dì í mọ́ àyà, kí a fi ìka méjì wò ó. Ta ni yóò kọ́kọ́ jáde? Bàbá yẹn tí ó jókòó sẹ́yìn, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa bọ̀.