Bọ́nẹ́ẹ̀tì Ni Ká Gé: Ọ̀rọ̀ Tí A Sọ Níbi Àjọ̀dún Ọdún Kẹwàá

 

Àwa ìgbìmọ̀ tí ẹ ní kó yẹ ìnáwó ẹgbẹ́ wò ni ẹ ní kó sọ̀rọ̀ lónìí. Ẹ jẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ mọ́tò bẹ̀rẹ̀.

Nígbà tí a wà ní iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí Ẹdẹ ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, bí ọkọ̀ Amẹ́ríkà bá wọ̀lú lọ́jọ́ ìnáwó, a ó pa bọ́ọ̀lù tì, a ó sáré tẹ̀ lé e. Bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀ á ti kọjá lọ́dọ̀ wa kí búùtù rẹ̀ tó yọ ní kọ̀rọ̀. Láti 2 April 1972 tí Nàìjíríà ti bọ́ sí apá ọ̀tún títì, ọkọ̀ tí awakọ̀ ń jókòó sápá òsì ló bá títì wa mu. Owó epo rọ̀bì sì wà nílùú. Ẹni tó bá gun Cadillac tàbí Lincoln, a ó ní ó ti là tán.

A kò mọ̀ pé ìnira ti dé bá àwọn tó ń ṣe ọkọ̀ náà. Ní 1973, àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá dáwọ́ epo tí wọ́n ń tà fún Amẹ́ríkà dúró. Láàárín oṣù díẹ̀, owó epo rọ̀bì fò tó ìlọ́po mẹ́rin. Ohun tó mú owó wọlé níhìn-ín ló sọ ọkọ̀ ńlá di ẹrù lọ́hùn-ún.

Ọkọ̀ ọdún 1977 ni General Motors gé kúrú. Cadillac De Ville tó gùn tó nǹkan bíi mítà 5.9 di mítà 5.6. Ìwọ̀n rẹ̀ fi ohun tó lé ní 300 kìlógíráàmù dín, ẹ́ńjìnnì lítà 8.2 sì di lítà 7. Ṣùgbọ́n ẹni mẹ́fà tó ń gbà náà ló ṣì ń gbà. Àwọn oníbàárà kò sá: Cadillac tí wọ́n ṣe lọ́dún náà ju ti 1976 lọ. Lincoln kò gé tirẹ̀ títí di 1979, ó sì rí tà. Nígbà tó di 1980, òun náà gé e.

Nílé níbí, ìjọba ológun Ọ̀gágun Ọbásanjọ́ ní kí àwọn aláṣẹ fi ọkọ̀ bọ̀gìnnì sílẹ̀, kí wọ́n máa gun Peugeot 504 tí wọ́n ń tò ní Kàdúná láti 1975. Ibi tí bọ̀gìnnì ń dé, òun náà ń dé ibẹ̀.

Kí ló kàn wá ńbẹ̀? Aṣọ ẹgbẹ́ wa ti di bọ́nẹ́ẹ̀tì gígùn. Àwa 41 la bẹ̀rẹ̀; 23 ló ń wá sípàdé báyìí. A lọ bá àwọn yòókù nílé. Kò sẹ́ni tó bá wa jà. Ọ̀kan ní, "Owó aṣọ yín ni owó iléèwé ọmọ mi." Òmíràn sin ìyá rẹ̀ láìfi tó wa létí, nítorí ó jẹ gbèsè léèsì, kò fẹ́ ká wá rántí rẹ̀ níbi òkú. Ojú tì wá. Àwa kan nínú ìgbìmọ̀ yìí náà la mú léèsì ọ̀hún wá.

Àbá wa rèé: aṣọ kan lọ́dún, kó jẹ́ àǹkárá. Gbèsè aṣọ àtẹ̀yìnwá, ká pa á rẹ́. Owó tó bá ṣẹ́ kù, kó bọ́ sápò àìsàn àti ìsìnkú. Kí á sì pín ara wa ní méjì-méjì, ká lọ pe àwọn 18 náà padà.

Bọ́nẹ́ẹ̀tì ni ká gé, ẹ má jẹ́ ká gé ìjókòó.

Olódùmarè á jẹ́ ká ṣe ogún ọdún. A ò ní dín.